Ọwọ́ ọ̀tún mi ń kú lóru: ta ni kí n lọ bá?

Ìyá Adùnní, Kétu:
Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, mo kí yín o. Aránṣọ ni mí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń kú lóru, ó ń ta mí bí ẹni pé èèrà ń jẹ mí, títí tí n ó fi dìde jókòó tí n ó máa gbọn ọwọ́. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mo ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń kó aṣọ ọdún wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ mi sín gbẹ́rẹ́ sí i, kò yí padà.

Bàbá Kọ́lá, Sábẹ̀:
Làkúrègbé ni, ọmọ mi. Orúnkún ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀, adí ni mo fi ń pa á.

Ìyá Ṣadé, nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́:
Bàbá, ẹ má bínú, orúnkún kọ́ ni wọ́n béèrè. Ìyá Adùnní, ìka wo ní ń kú? Iṣan ìmọ̀lára kan gba abẹ́ ọ̀já líle ní ọrùn ọwọ́ wọ àtẹ́lẹwọ́. Bí ibẹ̀ bá wú, ọ̀já náà yóò fún un. Àtàǹpàkò, ìka méjì tí ó tẹ̀ lé e àti apá kan ìka òrùka ni yóò máa kú. Ti ọmọńdinrín kì í sí níbẹ̀. Syndrome du canal carpien ni àwọn dókítà ń pè é ní èdè Faransé. Oyún, àtọ̀gbẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ àṣetúnṣe wà lára ohun tí ó lè fà á.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ó ṣe mí nígbà oyún, ó lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ ní sùúrù.

Ìyá Adùnní:
N kò lóyún. Ọmọńdinrín kò kú. Ẹ má sọ pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ni mo fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Sísọ́ọ̀sì ti ń já bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án, ẹran ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún sì ti fọn ju ti òsì lọ, ṣùgbọ́n mo rò pé rírù tí mo rù ni.

Ìyá Ṣadé:
Rírù kì í mú ọwọ́ kan ṣoṣo. Ẹran tí ó ń fọn fi hàn pé iṣan náà ti ń bàjẹ́, nítorí náà sùúrù tí Ìyá Ìbejì wí kò bá tiyín mu. Ìdè tí ó ń mú ọrùn ọwọ́ dúró gbọọrọ lóru dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó mọ́. Ẹ lọ sí CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ní Kútọnu, kí ẹ béèrè fún dókítà iṣan ìmọ̀lára, kí wọ́n yẹ ọwọ́ wò, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ni, ọ̀já yẹn ni wọn yóò là kí iṣan lè rí àyè. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n sábà máa ń gún ní abẹ́rẹ́ kí ó má baà mọ ìrora, aláìsàn a sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹran náà lè má padà.

Ìyá Adùnní:
Ọkọ mi ní kí a jẹ́ kí ọdún kọjá.

Bàbá Kọ́lá:
Ọmọ mi, fún un ní fóònù, kí ó ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ. Bí kò bá gbà, jẹ́ kí èmi bá a sọ̀rọ̀.