Àtúnhù ni, kì í ṣe àtúnbí

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ọ̀yọ́ fi ìwé ìpè kan tí wọ́n tú sí Yorùbá ránṣẹ́ sí wa, ìpè síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stem cell. Àkọlé tí wọ́n fún un ni "Ẹ̀kọ́ Àgbà lórí Sẹ́ẹ̀lì Igi àti Àtúnbí Ara". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n àkọlé yìí kò lè jáde bẹ́ẹ̀.

Àtúnbí, tí wọ́n fi túmọ̀ regeneration, ló ká mi lára jù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, níbi tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà sílẹ̀ ní 1898, ta ni yóò gbọ́ àtúnbí tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sọ́dọ̀ Nikodémù? Ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹni tó ni ín. Ẹnì kan dábàá ìwòsàn. Ìyẹn náà kò tó. Bí ọgbẹ́ bá jinná, ó ti san, àmọ́ àwọn bàbá wa ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ohun tí àwọn onímọ̀ yìí sì ń lé gan-an nìyẹn: kí ojú àpá jọ ojú ara, kí èyí tó sọnù tún jáde, kó sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. Eyín ń hù, irun ń hù, èékánná ń hù. Bí ìrù ọmọńlé bá já, òmíràn á hù. Àtúnhù, nígbà náà. Ẹ lè ní ìrù tuntun yẹn kì í rí bíi ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, egungun rírọ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀ dípò egungun líle. Ọ̀rọ̀ náà "hù" kò ṣèlérí pé méjèèjì yóò rí bákan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á.

Ní ti sẹ́ẹ̀lì igi, Ernst Haeckel, ará Jámánì, lo orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì tú sí stem cell ní 1868 fún sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó gbà pé gbogbo ohun abẹ̀mí ti ṣẹ̀ wá. Ìran ló ní lọ́kàn, kì í ṣe pákó. Sẹ́ẹ̀lì orísun ni kí a pè é. Bó bá pín, ó lè bí irú ara rẹ̀, ó sì lè bí ẹlòmíràn. Èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn egungun ló ń bí ẹ̀jẹ̀ wa. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan kì í lò ju bí 120 ọjọ́ lọ, tuntun gbọ́dọ̀ máa dé. Sẹ́ẹ̀lì orísun yìí náà ló jẹ́ kí gbígba mùdùnmúdùn lára ẹlòmíràn lè wo fòníkú-fọ̀la-dìde sàn.

Àbúrò kan ní ká kúkú pe sẹ́ẹ̀lì orísun ní sẹ́ẹ̀lì àtúnhù. Rárá o. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé lára ẹ̀dọ̀, ìyókù a máa dàgbà títí yóò fi tó ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àtúnhù lè wáyé láìsí ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì orísun nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àgbà kò gba àríyànjiyàn: ibi tí àwọn ìyá wa ti ń kọ́ a, b, d nírọ̀lẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Nínú ìwé náà, ẹ kọ "sẹ́ẹ̀lì oyún". Ọlẹ̀, ìyẹn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sínú, ló yẹ níbẹ̀. Ìyá ló ni oyún. Ìwé náà tún pe èyí tó wà lára wa ní ti àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọwọ́ náà ní in; ẹ jẹ́ kó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì orísun inú ara. Ní ti èyí tí Shinya Yamanaka ṣe ní Kyoto ní 2006, tó fi jíìnì (gene, ìlànà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) mẹ́rin dá sẹ́ẹ̀lì èkúté padà sí ipò orísun, tí òun àti John Gurdon sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012, sẹ́ẹ̀lì àdápadà ni mo dábàá.

Ó ku bí sẹ́ẹ̀lì orísun ṣe ń di ti ẹ̀jẹ̀, ti iṣan tàbí ti awọ. "Ìyàtọ̀" tí ẹ kọ fún un, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní differentiation, sọ ìparí rẹ̀, kò sọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò ó sí ìyanṣẹ́, bí ènìyàn ṣe ń yan iṣẹ́ láàyò. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì kì í dá yàn. Àmì tó ń gbà láti àyíká rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Nítorí náà ìgbaṣẹ́ wù mí jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní LAUTECH, yunifásítì wa níbí, bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí, ṣé yóò yé wọn?