Kálípà tó dípẹtà: ẹ tún un ṣe ni, àbí ẹ pààrọ̀ rẹ̀?

Ọmọ Wàndó
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Peugeot 205 GTI ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 1.9, ti ọdún 1988. Ilẹ̀ Faransé ló ti wá, ó gba Kútọnu wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń bọ̀ láti Sàkẹ́tẹ́ sí Àjàṣẹ́, òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó gba gbogbo inú ọkọ̀. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ta omi díẹ̀ sí ìdí táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Ṣàà! Bí ìgbà tí omi bá kán sínú agbada àkàrà. Mo tú táyà, kálípà, irin tó ń di dísìkì bíréèkì mú, ti dípẹtà, písítọ̀n inú rẹ̀ ò lọ, kò bọ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra òmíràn. Ẹlòmíràn ní ó ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ bá mi sọ ohun tójú yín rí.

Bàbá Táńwá
205 ní dísìkì lẹ́yìn? Tèmi, tàǹbúù, bíréèkì tó rí bí ìlù, ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Wàndó
1.6 nìyẹn, bàbá. 1.9 ló ní dísìkì lẹ́yìn.

Ará Kétu
Ẹ kú àfaradà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ nígbà tó bá há, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá tú jáde tí táyà sì yí wẹ́rẹ́, kì í ṣe kálípà ló ń dà yín láàmú, ọ́ọ̀sì rọ́bà ni. Inú ẹ̀ ti wú, ó ń gba ọ́ìlì láyè láti wọlé, kì í jẹ́ kó padà. Bí táyà bá kọ̀ tí kò yí síbẹ̀, písítọ̀n tàbí bíréèkì ọwọ́ ló há. Kálípà méjì ni mo rà nítorí ọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Owó yẹn ṣì ń dùn mí.

Àbẹ̀ní Àjàṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kpàyó, bẹntiróòlù ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, fọ̀ ọ́! Ọmọkùnrin tó tún ọkọ̀ wa ṣe da kpàyó sínú abọ́ ike, ó sọ rọ́bà písítọ̀n sí i, ó ní kí ìdọ̀tí bọ́. Ó fi í síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, bíréèkì mú, kò tú sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí a yọ rọ́bà náà, ó ti wú bí ẹ̀wà tó sun inú omi mọ́jú. Ìsìnkú la ń lọ ní Pọ̀bẹ́, ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọmọ Wàndó
Ọmọ mẹ́ta! Ẹ kú ewu, ìyá wa.

Bàbá Táńwá
Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Olókè Ṣábẹ̀ẹ́
Òótọ́ ni ìyá sọ. Kpàyó o, dísù o, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì o, kò gbọdọ̀ kan rọ́bà bíréèkì. Sódàbì, ògógóró wa, lèmi fi ń fọ tèmi, mo sì máa ń jẹ́ kó gbẹ dáadáa.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti afẹ́fẹ́ fún yín. Písítọ̀n kálípà iwájú há. Ẹni tó ń lẹ táyà ní òun ó fi ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹ jáde. Kò fi igi dí ẹnu rẹ̀. Ó dún gbòlà! Písítọ̀n gba ẹ̀gbẹ́ etí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kọjá, ó dá ihò sára páànù tí wọ́n fi ṣe ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ náà. Ti iwájú yẹn, ẹ má tíì tú u kúrò lára ọ́ọ̀sì. Ẹ ní kí ẹnì kan máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ á tì í jáde.

Ará Kétu
Sódàbì kẹ̀? Omi wà nínú ẹ̀. Omi yìí gan-an ló ń mú inú kálípà dípẹtà. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun ni kí ẹ fi ṣan án.

Bàbá Táńwá
Ẹ fi sódàbì sílẹ̀ fún àwa àgbà.

Awakọ̀ Pọ̀bẹ́
Èmi, kálípà ọ̀tún ni wọ́n gbé sí òsì, wọ́n gbé ti òsì sí ọ̀tún. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́, tó yẹ kó wà lókè, bọ́ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í gba ìsàlẹ̀ jáde! Ìgò ọ́ìlì mẹ́ta la dà nù, ẹsẹ̀ ṣì ń rì bí ẹni tẹ fùfù.

Àbẹ̀ní Àjàṣẹ́
Kí ló dé tí gbogbo yín ń pè é ní kálípà? Étíríyé là ń pè é níbí.

Ará Kétu
Ọjà Nàìjíríà la ń ná ní Kétu, ìyá. Kálípà ni.

Àbẹ̀ní Àjàṣẹ́
Ẹ lọ béèrè kálípà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu, wọn á kàn máa wò yín ni.

Awakọ̀ Pọ̀bẹ́
Ìyá ti borí.

Olókè Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n Wàndó, písítọ̀n ẹ̀yìn 1.9 yẹn, ẹ má fi tipátipá tì í wọlé. Bíréèkì ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ máa yí i bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Wàndó
Mo ṣe bí àbúrò Kétu ti wí. Mo tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì dúdú bíi kọfí jáde, táyà ò mira. Mo yí písítọ̀n jáde lónìí. Níbi tí rọ́bà ti ń gbá a mú gan-an, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ ní ihò kéékèèké, èékánná mi ń há sí i. Ìpẹtà tún kún kòtò tí rọ́bà ń jókòó sí, ó ti rọ́bà mọ́ písítọ̀n. Mo fi igi ṣóńṣó ha kòtò náà, ó mọ́, irin abẹ́ rẹ̀ ṣì dára. Písítọ̀n tuntun àti rọ́bà ni mo máa rà, n ò ra odidi étíríyé.

Àbẹ̀ní Àjàṣẹ́
Étíríyé! Ọmọ dáadáa.

Ará Kétu
Ti ọ̀tún ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ẹ ti tú u wò?

Ọmọ Wàndó
Rárá o. Ó di àárọ̀ ọ̀la.