"Dear Sir" nínú ìwé ìpè Òjúde Ọba: kí ni ká fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ yìí bá gùn díẹ̀.

Regberegbe wa (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra) ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ kọ ìwé ìpè Òjúde Ọba ní èdè méjì. Ti Gẹ̀ẹ́sì ti parí. "Dear" tó ṣáájú ló há sí wa lọ́fun. "Ọ̀wọ́n" ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn, torí wọ́n jọra púpọ̀: ẹni tí a fẹ́ràn ni, ọjà tí owó rẹ̀ ga náà ni. Àwọn àgbà ní Ìlú Ọba ṣì ń pe ẹran tó wọ́n ní "dear", bí àwa náà ṣe ń sọ pé gàrí wọ́n. Àmọ́ ìfẹ́ ti gbẹ kúrò nínú "Dear" orí lẹ́tà. Onígbèsè tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ pàápàá, "Dear Sir" ni wọ́n ń pè é. "Ọ̀wọ́n" tiwa kò tíì gbẹ bẹ́ẹ̀. "Bàbá mi ọ̀wọ́n" dára nínú lẹ́tà gbẹ̀fẹ́, ṣùgbọ́n "Ọ̀gá ọ̀wọ́n" sí máníjà báńkì dà bí ìgbà tí èèyàn ń tọrọ owó. (A ń tọrọ lóòótọ́, kò kàn yẹ kó hàn ní ìlà àkọ́kọ́.)

"Olùfẹ́" jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti àfẹ́sọ́nà. "Alàgbà" tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé fún lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ kò dùn létí fún obìnrin, àwọn ìyálọ́jà sì wà lára àwọn tí à ń pè.

Kí lẹ máa fi ṣáájú orúkọ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tí yóò bá tọkùnrin tobìnrin mu?

A dúpẹ́ sílẹ̀ ná.