Ọ̀rọ̀ ariwo rédíò níbi fíìmù wa ní Badagry: ó ti yanjú o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi yín nígbà yẹn nípa ariwo tó ń bo rédíò ẹgbẹ́ wa (ẹgbẹ́ àwa tá a máa ń fi rédíò bá àwọn tó jìnnà sọ̀rọ̀) mọ́lẹ̀ ní ìkànnì 7 MHz bá a bá ti tan projẹ́ítọ̀ tá a fi ń ṣàfihàn fíìmù, torí a fẹ́ káwọn èèyàn gbọ́ rédíò gangan lẹ́yìn fíìmù.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká lọ wo páwà projẹ́ítọ̀ yẹn (ohun tó ń fún un níná), Ọlọ́run á bù kún yín, ibẹ̀ náà ló wà. A wé wáyà ẹ̀ mọ́ òrùka ferrite (tó máa ń dín irú ariwo bẹ́ẹ̀ kù lára wáyà), ariwo lọ sílẹ̀ àmọ́ kò tán, la bá yọ rédíò kúrò lára jẹnẹrétọ̀, a so ó mọ́ bátìrì mọ́tò 12 volt, a sì gbé eriali dipole wa (wáyà méjì tá a nà sọ́tùn-ún sósì), tó gùn tó nǹkan bíi mítà 20, lọ sáàárín igi àgbọn lẹ́yìnkùlé. Ibi tó ń hó ṣàà tẹ́lẹ̀ pa lọ́lọ́, ohùn èèyàn wá ń jáde ketekete!

Fíìmù dùn, àga ò tó. Ṣùgbọ́n ìgbà tá a pe CQ (ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ pé kó dáhùn) ló wù mí jù: ilẹ̀ ti ṣú, ìgbà yẹn sì ni 7 MHz máa ń rìn jìnnà, ẹnì kan dáhùn láti Ghánà, làwọn ọmọdé bá hó yèè. Ọmọbìnrin kan ò gbà kó bọ́ hẹ́dífóònù létí títí ìyá ẹ̀ fi wá mú un.

Ẹni tírú ẹ̀ bá ń ṣe, ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná, kẹ́ ẹ fi rédíò sórí bátìrì, kẹ́ ẹ wá máa tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa gbọ́ èyí tó ń dá ariwo sílẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an, mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí.