Ẹnu màámi wọ́, ó tún padà sípò, ṣé ká ṣì gbé wọn lọ ọsibítù?

Ọmọ Aláró:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Láàárọ̀ yìí màámi ń ro àmàlà lọ́wọ́, àfi gbàgà tí orógùn bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, mo ní kí ló dé, wọ́n fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ ò já geere, mo wojú wọn báyìí, ẹnu ti wọ́ sápá kan. Mo figbe ta, àwọn ará ilé sáré wá, a gbé wọn jókòó. Kó tó pé ogún mínììtì ohun gbogbo ti lọ o, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ti tọ́, wọ́n tún wá ń bú mi pé kí ni mò ń pariwo fún. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ látìgbà ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá ni wọn ò ti lo oògùn wọn mọ́, wọ́n ní ara àwọn ti yá.

Ní báyìí wọ́n ní ọjà Ìgbọ̀nà làwọn ń lọ. Àǹtí wa ní ká fún wọn ní asipirín méjì kí wọ́n sùn, bùrọ̀dá wa ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ká gbé wọn lọ sórí òkè. Òkè-Baálẹ̀ nilé wa. Ṣé nǹkan tó ti lọ tún ń fẹ́ dókítà ni?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Ẹ gbé mọ̀ọ́mi sínú mọ́tò ná, ẹ máa ka ìyókù lójú ọ̀nà. Mi ò ṣeré o.

Sítírókù (àrùn rọpárọsẹ̀) kékeré nìyẹn, TIA làwọn dókítà máa kọ sínú fáìlì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí òpó ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ wọn, nígbà tó ṣe ó túká, ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá, ẹnu bá tọ́. Àmọ́ ohun tó mú kẹ́jẹ̀ dì yẹn ò tíì kúrò lára wọn. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá ṣe báyìí tí wọn ò tọ́jú ẹ̀, bí ẹnì kan ni sítírókù gidi máa ń gbé ṣánlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bí ìdajì irú àwọn yẹn, kì í ju ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ. Òní àti ọ̀la yìí ló léwu jù, kẹ́ ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ọjà.

Ẹ má fún wọn ní asipirín o. Oríṣi sítírókù méjì ló wà. Nínú ìkan ẹ̀jẹ̀ dì, ó dínà. Nínú èkejì òpó ẹ̀jẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú ọpọlọ. Tẹ́ ẹ bá fojú wò wọ́n bákan náà ni wọ́n rí, ẹnu wọ́, ọwọ́ rọ, ahọ́n wúwo. Asipirín kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ó dáa fún ti àkọ́kọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ṣe lòpó ẹ̀jẹ̀ bẹ́, ẹ tún ti dá kún un nìyẹn. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́, CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló ń fi hàn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ yà á, ẹ má rò pé owó yín ni wọ́n fẹ́ gbà, mo mọ̀ pé ó wọ́n, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín, torí oògùn tí wọ́n ń fà sára láti tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni gbèdéke ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in. Ẹ má fún wọn lómi, lóúnjẹ tàbí àgbo títí wọ́n á fi yẹ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì wò, kó má lọ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. UNIOSUN Teaching Hospital tó jẹ́ LAUTECH tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ forí lé.

Bàbá Rukayat:
Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ìka wọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kẹ́jẹ̀ dúdú jáde, ó wà lórí WhatsApp, dókítà Ṣáínà kan ló sọ ọ́.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Bàbá Rukayat, ẹ jẹ́ á ṣe sùúrù. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ìka ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbárí.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ èyí, ẹ má bínú tẹ́ ẹ bá rí àṣìtẹ̀. Sítírókù ló mú apá ọ̀tún mi lọ, ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ, torí ọpọlọ apá òsì ló ń darí apá ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì lọ̀rọ̀ sísọ wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ tún wo ohun tó ṣe màámi yẹn, ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀. Tèmi kọ́kọ́ ṣe fìrí bẹ́ẹ̀ náà kó tó dé gidi. Àwọn èèyàn mi kọ́kọ́ gbé mi lọ sílé àdúrà kan, a lo àwọn ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Mi ò bá wọn jà, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, àdúrà náà ò sì burú, ẹ lè máa gbà á bọ̀ nínú mọ́tò.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni ẹkún. Mo lè máa gbọ́ ìròyìn kẹ́kún máa bọ́ láìnídìí, ìyàwó mi rò pé mo ti sọ̀rètí nù, àfìgbà tí dókítà sọ pé àìsàn yẹn ló ń ṣe ọpọlọ bẹ́ẹ̀, oògùn sì wà fún un. Físíò, ìyẹn ìdárayá tí wọ́n fi ń kọ́ ara láti tún ṣiṣẹ́, ló dá ẹsẹ̀ mi padà. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni, èèyàn á kọ́ ìdìde jókòó bí ọmọdé, àmọ́ mo ti ń fọ̀pá rìn dé mọ́sálásí.

Ṣadé Ayétòrò:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n dà á pọ̀, ẹnu àbúrò mi náà wọ́ lánàá, ojú apá ibẹ̀ ò pa dé, iwájú orí ò ká jọ, àmọ́ ọwọ́ ẹsẹ̀ le koko. Sítírókù náà ni?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Ó jọ iṣan ojú ló rọ, Bell's palsy, tòun kì í wá látinú ọpọlọ. Nínú sítírókù iwájú orí sábà máa ń ká jọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà rí i lónìí, oògùn ẹ̀ ń fẹ́ kéèyàn tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ sì dáàbò bo ojú yẹn kó má gbẹ.

Ọmọ Aláró:
Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á fún yín ṣe. A dé ọsibítù, BP wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 190/110! A ya scan, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ya, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n wá fún wọn ní asipirín, pẹ̀lú oògùn ọ̀rá ara àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n yẹ ṣúgà wò, wọ́n so wáyà mọ́ àyà wọn, wọ́n ní ọkàn tó bá ń lù ségesège lè máa ti ẹ̀jẹ̀ dídì lọ sórí. Màámi ti ń bi dókítà pé ìgbà wo làwọn máa lo oògùn yìí tán.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò ní tán. BP 190 kì í fọ́ni lórí dandan, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń dá oògùn dúró. Kí wọ́n dín iyọ̀ kù, ní pàtàkì èyí tí wọ́n ń bù sóúnjẹ lórí tábìlì, kí wọ́n sì máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì tó ní sítírókù wò ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n gbé e jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó ń fà á, àìjẹ ewébẹ̀ àti iyọ̀ orí tábìlì náà wà níbẹ̀.

Ọmọ Aláró:
Ẹ̀rọ BP wo ni ká rà? Wọ́n ń ta ti ọrùn ọwọ́ lápá Ọláìyá, ó rọjú díẹ̀.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Ẹ ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá, tó sì gba apá wọn. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún mínììtì márùn-ún ná, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, ẹ sì kọ nọ́ńbà yẹn síwèé, torí màámi yín máa ní ó dáa ni.