«In lieu of»: ṣé «ní ìrọ́pò» ni, àbí «ní ipò»?

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń kọ́ni ní èdè ní Ògbómọ̀sọ́ dá a lábàá pé kí a máa túmọ̀ «in lieu of», ọ̀rọ̀ Òyìnbó fún ohun tí a fi dúró fún òmíràn, sí «ní ìrọ́pò», nítorí pé «dípò» ti di ọ̀rọ̀ ìbáwí lẹ́nu wa. Mo gba ìdí tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n n kò gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú wá.

Òótọ́ ni pé bí ìyá kan ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín bá ní, «Dípò kó lọ sóko, ó sùn sílé», ẹ̀sùn ló fi kan ọmọ náà. Kò sí ẹ̀sùn nínú ti Òyìnbó: bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá ní a lè san owó «in lieu of notice», owó náà kàn dúró fún ìkìlọ̀ tí ó yẹ kí a fún ènìyàn kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, tí kò wáyé ni. (Àwọn tí ń kọ «in lieu of» nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ pé «nítorí» ti ṣì í pè mọ́ «in view of».)

Àyè ni «lieu» lédè Faransé, láti inú «locus» ti Látìn. Àyè náà ni «stead» inú «instead» túmọ̀ sí láyé àtijọ́, «lieutenant» sì ni ẹni tí ó di àyè ẹlòmíràn mú. Ipò gan-an ni gbogbo wọn ń wí. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò sì wá a lọ jìnnà: ní Jẹ́nẹ́sísì 22:13, «ní ipò ọmọ rẹ̀» ni Ábúráhámù fi àgbò rúbọ.

Ẹni tó bá rọ́pò ẹnìkan ti gba ipò náà pátápátá. Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí wàjà ní 2022, Baṣọ̀run, olórí Ọ̀yọ́mèsì, ló ń bojú tó ìlú, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ pé ó rọ́pò Aláàfin. Ní ipò ọba ló ń ṣe é. Arọ́pò dé ní 2025, nígbà tí Aláàfin Abímbọ́lá Owóadé gorí ìtẹ́. Bí ẹ bá ní gírámà wa ń sọ «ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ», èyí náà bá a mu, nítorí pé ibi tí «ó» bá ti wọlé nínú gbólóhùn, orúkọ kò tún ní àyè níbẹ̀ mọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti lè gbà fún ẹ̀gbọ́n wa: ìsinmi tí a ń fún ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún, tí Òyìnbó ń pè ní «day off in lieu». «Ní ipò» kò lè dá dúró láìsí ohun tí yóò tẹ̀ lé e, ọjọ́ ọdún náà kò sì ní padà wá. «Ìsinmi àfirọ́pò» yẹ ẹ́.