Mo ń san owó oṣù, kí ló tún ń jẹ owó API mi?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Claude Code, ètò Anthropic tó ń báni kọ kóòdù, ni mo ń lò, lórí Ubuntu inú WSL (Linux inú Windows). Owó oṣù ni mò ń san, kò yẹ kó fọwọ́ kan owó API mi (èyí tí wọ́n ń yọ ní ìwọ̀n lílò) rárá. Àmọ́ dọ́là 5 tí mo fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí ti di sẹ́ńtì 40. Nígbà kan mo kọ Python kékeré kan tó ń to èsì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì ìyàwó mi, mo wá kọ `export ANTHROPIC_API_KEY=...` (key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ owó API mi) sínú fáìlì `.bashrc`. Láti àná ni mo ti pa ìlà yẹn rẹ́. Owó ṣì ń lọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣí fáìlì náà wò, kò sí key kankan níbẹ̀. Àbí ojú mi ló ń ṣe mí ni?

Àǹtí Kóòdù:
Ẹ kú ìnáwó o. Ojú yín ò ṣe yín. Claude Code kì í wá key nínú `.bashrc`, bash (ètò tó ń gba àṣẹ nínú tẹ́mínà) ló ń kà á nígbà tó bá ń ṣí. Ohun tó bá sì ti kó látibẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ló ń fún gbogbo ètò tó bá tinú rẹ̀ jáde. Ọmọ tó ti gbé kúlà oúnjẹ lọ síléèwé láàárọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá da ìkòkò nù lọ́sàn-án, ti inú kúlà ò ní tìtorí ẹ̀ pòórá.

Ẹ tẹ `env | grep ANTHROPIC`. Tí key yẹn bá jáde, ẹ tẹ `unset ANTHROPIC_API_KEY`, kí ẹ wá tún Claude Code ṣí. `/status` á sọ ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé fún yín.

Ẹ má bínú o, ó ti bi yín tẹ́lẹ̀ bóyá kó lo key tó rí. Ẹ tẹ “Yes” láì kà á.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Àǹtí, mi ò jiyàn, èmi ni mo tẹ “Yes”. Mo ti ṣe unset, `/status` sì yí padà. Mo ṣí wíńdò mìíràn nínú tmux (ètò tó ń jẹ́ kí wíńdò tẹ́mínà púpọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ) báyìí, key ti tún padà dé! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ti pa tmux yẹn.

Bọ̀dá Tẹ́mínà:
Tmux! Ẹ ò bá ti tètè sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni sáfà rẹ̀ ti gbé key yẹn mì, òun ló ń pín in fún gbogbo wíńdò tuntun. Ẹ tẹ èyí:

`tmux set-environment -gu ANTHROPIC_API_KEY`

Àwọn wíńdò tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe unset nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. `tmux kill-server` náà á ṣe é, àmọ́ gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á kú. Ṣé ẹ ń lo `claude -p` (Claude Code tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan, tó sì parí) níbì kankan? Ìyẹn kì í bèèrè “Yes” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá ti rí key, ó lò ó nìyẹn.

Ní ti Python yẹn, ẹ fi key rẹ̀ sínú `.env` nínú fódà tirẹ̀ nìkan, kí ẹ sì kọ `.env` sínú `.gitignore` kí ẹ tó ṣe commit (fífi iṣẹ́ pamọ́ sínú Git), kí key má bàa bá a lọ.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Háà, bọ̀dá! `claude -p` ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ commit. Gbogbo commit tí mo ṣe láti ọ̀sẹ̀ méjì, owó API ló jẹ. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú tmux, owó ò lọ mọ́ láti àárọ̀. Sẹ́ńtì 40 náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ fi to èsì sáà kẹta.